Orúkọ Tó Mú Ẹ̀rọ Ṣíwọ́ Iṣẹ́

Ohun tí a pàdánù ni lẹ́tà kan. N kò mọ̀ bóyá ó gùn tàbí ó kúrú, nítorí kò sí ojú kan ní Ìlọrà tàbí ní Fìdítì tó kà á rí. Ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́ láti òkè òkun sí bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí a kò ti gbúròó rẹ̀. Lẹ́tà náà dé ibi tó yẹ kí bàbá ti gbà á. Bàbá pẹ̀lú dé ibẹ̀, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí ó sọ ọ́. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n pa ibẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà nínú rẹ̀. Títí di òní olónìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń sọ pé kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Èmi ni mo fi ìka ọwọ́ mi tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ, nítorí náà ó tọ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí àwọn tó mọ̀wé kà lè ṣe ìdájọ́.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Fìdítì. Bàbá tí mo ń sọ yìí jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Ìlọrà, díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí kì í pẹ́ dé ibi ìpàdé kankan. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ka ìwé tó pọ̀, kò rí iṣẹ́ ṣe, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí náírà ń já wálẹ̀ tí gbogbo ọ̀dọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ń wá ọ̀nà àtilọ. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn lẹ́tà tí Bàbá fi ránṣẹ́ sí i padà wá pẹ̀lú àmì pé ẹni tí à ń wá kò gbé ibẹ̀ mọ́.

Ní àkókò yìí ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ agbègbè wa tó wà ní òkè òkun ṣe ojú-ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ńjíníà kan, ọmọ Ìlọrà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Ẹni tó bá ti sọ ẹbí rẹ̀ nù lè fi lẹ́tà síbẹ̀ ní orúkọ ẹbí náà. Ẹni tó ni lẹ́tà yóò wá sí ojú-ewé, yóò kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú àmì kan tí òun àti ẹni tó kọ ọ́ jọ mọ̀, lẹ́tà yóò sì ṣí. Ẹ̀ńjíníà tún fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ gbogbo, ó to orúkọ àwọn tí lẹ́tà ń dúró dè sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, akọ̀wé ìjọ kà á sókè, orúkọ Bàbá sì jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Ní ọjọ́ kejì ni Bàbá wá bá mi ní Fìdítì, ó wọ agbádá tó fi ń lọ sí ìpàdé àgbáríjọ ìjọ.

Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Mo ní, "Bàbá, mo ṣì ní kíláàsì."

"Kíláàsì ń bẹ lọ́la. Ọdún mọ́kànlá ni èmi fi dúró, ìwọ kò lè fi ọjọ́ kan dúró?"

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, a wọ mọ́tò, a gba Ìbàdàn lọ.

Ilé kọ̀ǹpútà tí a lọ kò ju yàrá méjì lọ. Obìnrin tó ni í jẹ́ ẹni ogójì ọdún tàbí kí ó lé díẹ̀, ó gbọ́n lórí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó fi ìjókòó fún wa, ó bá wa ṣí ojú-ewé náà, àpótí kan ṣoṣo sì yọ lójú ẹ̀rọ. Wọ́n kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé kí á fi orúkọ ní kíkún àti àmì síbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún."

"Ní kíkún?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Bàbá tún ìjókòó ṣe, ó wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó sọ ti ìtẹ̀bọmi, ó sọ ti bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀, ó sì bọ́ sínú oríkì. Ọmọ afigbó ṣọ̀rẹ́ kí oko tó tán. Ọmọ asunkún òjò kí ìjì tó jà. Ọmọ, ọmọ, ọmọ. Mo ń tẹ̀, ọwọ́ ń ro mí.

Obìnrin náà gbé orí sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ ni wọ́n béèrè, wọn ò ní kẹ́ ẹ ki ara yín."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí o wọ aṣọ ní kíkún, ṣé gèlè nìkan ni wàá wé jáde?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bá a lọ, Bàbá. Èmi ti gba tèmi."

Èmi náà bi Bàbá léèrè ìdí rẹ̀ tí kò fi lè dá a dúró sí orúkọ mẹ́rin. Ìdáhùn tó fún mi kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ó ní ẹnikẹ́ni lè jí orúkọ òun, ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìparí oríkì náà, òun fúnra òun ló fi kún un nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, òun a máa fi jí i láàárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Yàtọ̀ sí òun àti ọmọ náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní bí ọmọ náà bá gbọ́ ọ, yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀ ló ń pe òun.

"Àmì ńkọ́, Bàbá?"

"Fi nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ mi sí i. Èyí tí káńsù kàn mọ́ ọn. Orí rẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà, kí ó tó di pé ẹ̀yin tíṣà gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin náà sí ìparí, mo sì fún ẹ̀rọ láṣẹ pé kí ó máa lọ.

Kò lọ. Àmì tó máa ń yí lójú ẹ̀rọ ń yí. A jẹ ọsàn tí Bàbá gbé wá, a fún obìnrin náà ní tirẹ̀, àmì náà ṣì ń yí. Mo rò pé ẹ̀rọ kò gbọ́ mi, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bóyá ìgbà mẹ́fà ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, n kò fi pamọ́: bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé tó ti dákú, mo ń fi kún ìnira rẹ̀ láìmọ̀. Obìnrin kan láti Àwẹ́ jókòó sí ẹ̀rọ kejì, ó fẹ́ ṣí lẹ́tà tirẹ̀ lójú-ewé kan náà. Tirẹ̀ náà kò ṣí. Àwọn ojú-ewé mìíràn lágbàáyé ń ṣí wọ̀ọ̀. Tiwa nìkan ló di òkú.

A padà lọ ní ọjọ́ kejì, bákan náà ló rí. Ní ọjọ́ kẹta, gbólóhùn kan péré la bá lójú ẹ̀rọ: wọ́n ti mú ojú-ewé yìí kúrò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé Ẹ̀ńjíníà dé sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọ. Ilé iṣẹ́ tó yá a ní àyè lórí ẹ̀rọ wọn ní ojú-ewé wa gbé gbogbo agbára ẹ̀rọ mì, kò jẹ́ kí àwọn oníbàárà yòókù rí iṣẹ́ ṣe. Wọn kò béèrè, wọn kò kìlọ̀, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Òun kò ní ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ ni òun kò mọ àdírẹ́sì àwọn tó kọ wọ́n. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló bí mi nínú: ó ní ẹnì kan ní ilé ló da ìdọ̀tí sínú àpótí orúkọ.

Ìdọ̀tí! Oríkì tí bàbá fi ń jí ọmọ rẹ̀.

Bí inú ṣe ń bí mi tó, ohun mìíràn wà tó ń yún mi lọ́kàn ju ìbínú lọ. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Báwo ni ìlà ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu àgbàlagbà àgbẹ̀ ṣe lè mú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà dákú? Mo kọ̀wé sí Ẹ̀ńjíníà pé kí ó fi ohun tó kọ fún ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi. Ó fi í ránṣẹ́, ojú ìwé mẹ́ta, ní èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ojú-ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó ni ilé kọ̀ǹpútà sì bá mi wá èdè náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí yóò fi tó oṣù kan, obìnrin náà ti gba ọ̀rọ̀ náà kanrí jù mí lọ.

Inú ìlà kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ̀ńjíníà pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ yẹ orúkọ wò bóyá álífábẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí á fi àmì síbẹ̀, kò sì rántí pé àmì lè jẹ́ nọ́ńbà. Àṣìṣe kékeré nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ̀rọ kàn sọ pé, "N kò fẹ́ nọ́ńbà," kí á yọ ọ́ kúrò, kí á sì tún gbìyànjú. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀?

Obìnrin náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. A kọ orúkọ kúkurú, a fi nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn kíá: rárá.

"Ẹ fi álífábẹ́ẹ̀tì kan kún un, Tíṣà."

Mo fi kan kún un. Kíá.

"Ẹ tún fi kan kún un."

Bí a ṣe ń fi kún un ni nǹkan ń yí padà. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹ̀rọ mí kanlẹ̀ kí ó tó dáhùn. Nígbà tó yá, a lè ka ení, èjì, ẹ̀ta. A fi ẹyọ kan kún un, ìdúró náà di ìlọ́po méjì. A tún fi kan kún un, ó tún di ìlọ́po méjì. Obìnrin náà ń kọ àkókò sílẹ̀ lẹ́yìn ìwé ìpolówó kan, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọdé tó rí ihò òkété.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ yọ nọ́ńbà ìdí rẹ̀ yẹn kúrò, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo oríkì Bàbá síbẹ̀."

Mo yọ ọ́. Mo tẹ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ gbà á ní ìṣẹ́jú akàn.

"Háà," ni obìnrin náà wí. "Oríkì ò ṣẹ̀. Nọ́ńbà ò ṣẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni wàhálà."

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà oko ṣàlàyé ohun tí a rí. Ká sọ pé ẹnì kan ń ti Ìwàrè lọ sí oko, tí ọ̀nà ń pín sí méjì ní gbogbo oríta, tí méjèèjì sì tún ń pàdé níwájú. Ó rìn dé òpin, ó bá odò tó kún. Ẹni tó ní làákàyè yóò ní, "Odò kún," yóò sì padà sílé. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí oríta tó kẹ́yìn, ó gba ọ̀nà kejì, ó tún bá odò kan náà. Ó padà sí oríta tó ṣáájú ìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Oríta kan, ìrìn àjò méjì. Oríta méjì, mẹ́rin. Oríta mẹ́ta, mẹ́jọ. Oríta mẹ́wàá, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ Bàbá jẹ́ oríta kan, nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sì ni odò. Mo fi bírò ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó máa rìn, gbogbo wa ìbá ti kú, àwọn ọmọ ọmọ wa ìbá ti kú, kò ní tíì rin ìdá kékeré nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní dá ẹlòmíràn lóhùn títí yóò fi rìn ín tán.

Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé láti bínú fún bí ọjọ́ mélòó kan. Mo kọ ohun tí a rí sílẹ̀, obìnrin náà bá mi fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí àwọn tó ṣe èdè náà. Wọ́n dáhùn. N kò retí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn.

Ẹni àkọ́kọ́ ní àléébù kọ́ nìyẹn. Ó ní èdè náà ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún un, bí ẹni tó pàṣẹ kò bá mọ ohun tó ń pa láṣẹ, kí ó lọ kọ́ ọ. Ó fi kún un pé kò sí orúkọ ènìyàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì láàárín wọn ta kò ó. Ó ní bí àlejò kan bá lè fi ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú ẹ̀rọ di adití sí gbogbo ènìyàn, àléébù ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, mo ń ka gbogbo rẹ̀ ní Ìbàdàn ní Sátidé kan sí òmíràn. Níkẹyìn, wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn pẹ̀lú àkíyèsí pé àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀mọ̀wé ń gbà sin òkú láìgbẹ́ ilẹ̀!

Ní Kérésìmesì, Ẹ̀ńjíníà wá sílé. Ẹgbẹ́ pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìjọ ní Ìlọrà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan wá, ó fi ojú-ewé tuntun tó fẹ́ ṣí hàn wá. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ìbéèrè na ọwọ́, mo na ọwọ́. Mo sọ ohun tí mo rí. Mo ní mo wo ìlà náà nínú iṣẹ́ tuntun yìí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ẹ̀dá wo ni orúkọ rẹ̀ gùn tó yẹn? Ẹni tó bá kọ irú rẹ̀, ó fẹ́ da ẹ̀rọ láàmú ni."

Bàbá dìde lórí ìjókòó àwọn díákónì. "Ọmọ mi, ṣé orúkọ mi ló gùn jù ni, àbí àpótí rẹ ló kéré?"

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi fi ọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, "Tíṣà, o tún ti dé. Ẹní bá gbé oúnjẹ wá, ìwọ a máa wá òkúta inú rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá purọ́, ẹ lé mi jáde."

Ẹ̀ńjíníà tẹ̀ ẹ́. Bàbá ń pè é fún un lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ìdúró, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka Bíbélì, ó sì fi nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ parí rẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. A gbọ́ bí fáànù inú rẹ̀ ti ń fẹ́. Alága ka ìkéde, wọ́n ka orúkọ àwọn tó dáwó, ẹgbẹ́ akọrin kọ orin méjì, ẹ̀rọ kò tíì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, bátìrì rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ sì ṣú.

Òógùn ń bọ̀ lójú Ẹ̀ńjíníà, nínú ọyẹ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin àgbà, èmi kọ́ ni mo ṣe èdè yìí. Àwọn tó ṣe é sì ti sọ pé kì í ṣe àléébù."

Bàbá ṣì wà ní ìdúró. "Ta wá ni kí n bi?"

Alága ní kí á dìde fún àdúrà ìparí.

A kò rí lẹ́tà mìíràn gbà. Ojú-ewé tuntun náà ṣí, wọ́n yọ ìlà yẹn kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà níbẹ̀ rí, ọmọ náà kò sì fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀ mọ́. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá ó ń wo ojú-ewé àkọ́kọ́ lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, tó ń retí ìdáhùn, tí wọ́n fi pa á rẹ́ mọ́ ọn lójú, tó sì rò pé bàbá òun kọ̀ láti dáhùn. Ní ìgbà tí mo bá lọ sí Ìlọrà, Bàbá kì í béèrè nípa ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń béèrè: "Tíṣà, ǹjẹ́ o rò pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara òun le?" Bàbá ti sùn nínú Olúwa báyìí, ìbéèrè náà sì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn wọn. Wọ́n ní yóò ba ọmọ ìlú lórúkọ jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ìwọ tí o kọ ìlà náà, tí o sì pe oríkì ní ìdọ̀tí, o mọ̀ báyìí pé ìlà rẹ ló dá wa dúró. Kí ló dé tí o yọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀? Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tí ẹ ni ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ rí i pé ẹ̀rọ yín ń kú lọ, ó rọrùn láti ti ilẹ̀kùn. Ta ló fún yín láṣẹ láti jó ohun tó wà nínú ilé? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe èdè náà, tí ẹ kọ "àríyànjiyàn" sórí rẹ̀ tí ẹ sì lọ sùn, àléébù ni àbí àléébù kọ́? Ọ̀kan nínú méjì ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ yín lábẹ́ rẹ̀, kí àwọn ènìyàn Ìlọrà lè kà á.